Kílò Méjì Tó Wá Ṣe Àlejò

Nígbà tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà kọ̀ láti padà síbi tí ọmọbìnrin náà fẹ́, ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ó bọ́ aago ọwọ́, ó yọ yẹtí, ó tú rìbọ́ọ̀nù tó fi di irun, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bàbá rẹ̀ láàárín síkúrù àti sípíríǹgì, ó tún gun òṣùwọ̀n. Ó wá rò ó pé bóyá èémí pàápàá wúwo, ló bá mí síta títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Kílò méjìléláàádọ́ta náà ni. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré lójú rẹ̀. Kílò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá. Iṣẹ́ àtúnṣe òṣùwọ̀n ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí òṣùwọ̀n alápatà ti fẹ̀gbẹ́ kan èyí tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà, tí òṣùwọ̀n ìkókó tó rí bí abọ́ ìwẹ̀ sì wà lẹ́bàá èyí tí àgbàlagbà ń gùn. Àwọn irin tí a mọ ìwọ̀n wọn, tó yẹ kí bàbá máa fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n irin kì í gbé ara rẹ̀, ẹ̀yìn bàbá náà sì ti ń ké. Nínú ọlidé gígùn kan ló ní kí ọmọ òun bá òun gun òṣùwọ̀n kan. Àádọ́ta kílò géérégé. Ó tún gùn ún lọ́jọ́ mìíràn, àádọ́ta ni. Láti ìgbà náà ni bàbá ti fi irin sílẹ̀ fún aláǹtakùn. Bó bá tún òṣùwọ̀n ṣe tán, á wò ó bóyá ó dúró sórí òdo nígbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, á wá pe ọmọ.

"Kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà, "nígbà tí mo ti bí irin?"

Ìyá Kílò ti sọ fún un títí pé ọmọ ń jẹun, irin kì í jẹun. Ẹ̀rín ni bàbá fi ń dá a lóhùn.

Ìyìn náà wá wọ ọmọ lára. Ọmọ ẹlòmíràn ń gba ìyìn nítorí ìṣirò tàbí nítorí ohùn orin; ti Kílò, dídúró gbọnin lójú kan ni. Nílé ẹ̀kọ́, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí tí kò fẹ́ kó fọ́. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó sanra àti ẹni tó rù, ńṣe ni yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n lè rántí bi í léèrè.

Lọ́sẹ̀ tí à ń sọ yìí, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò fẹ́ pàdé níbàdí mọ́. Bàtà fún un lẹ́sẹ̀. Àyà ń dùn ún bí ohun tí wọ́n fi nǹkan gbá, ojú rẹ̀ ń wú díẹ̀ bó bá jí, ẹ̀pà oníyọ̀ nìkan ló sì ń wù ú jẹ. Ó kó ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì sì gbà fún un kí àlàáfíà lè wà. Kò sí ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń fọn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe fọn. Ó ní kí Kílò fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, kó fi ti alẹ́ náà sílẹ̀, kó má sì mu omi.

"Kí ló kan omi?" ni Kílò bi í.

"Ṣé o ò tíì gbé garawa rí ni?" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn. "Ohun tó ń wúwo báyẹn lọ́wọ́, tí o bá wá gbé e sínú ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n, ọ̀pọ̀ ohun tó sì jọ ọgbọ́n ni ọmọdé máa ń gbà gbọ́, àgbà náà kò gbẹ́yìn. Kílò fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti jẹ búrẹ́dì nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń sọ nílé ẹ̀kọ́ pé òun ti jẹ ìrẹsì wá láti ilé. Omi, ètè rẹ̀ nìkan ló fi ń tọ́ ọ wò. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, lẹ́tà ojú pátákó ń jó níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, kílò méjì náà ṣì wà níbẹ̀ bí àlejò tó ti bọ́ṣọ, tó sì ti bi onílé pé ibo ni yàrá òun wà.

Àárín èyí ni bàbá pè é pé kó múra, àwọn ń lọ sí ilé ìlera. Sípíríǹgì òṣùwọ̀n tí àwọn aláboyún ń gùn níbẹ̀ ti já, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì ti ní kí wọ́n bá òun fi tuntun sí i. Kílò ní òun ní iṣẹ́ àmúrelé. Bàbá ní kí ló ń wáyé lórí òṣùwọ̀n tó lè dí iṣẹ́ àmúrelé lọ́wọ́, ṣé kí èèyàn dúró kọ́ ni? Wọ́n lọ.

Gbọ̀ngàn ilé ìlera kún. Àwọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn méjì tó dojú kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu wọn, torí náà iṣẹ́ bàbá Kílò di ìran fún wọn. Ó fi sípíríǹgì tuntun sí i, ó wo òdo, ó dára. Ó ṣẹ́wọ́ sí ọmọ rẹ̀. Kílò gun òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń gun àga ẹlẹ́jọ́. Abẹ́rẹ́ rìn, ó kọjá àádọ́ta, ó dúró lórí méjìléláàádọ́ta.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn obìnrin náà, ó ní kí wọ́n wo òṣùwọ̀n tí òun kò tíì tún ṣe tán, ó ti di ẹrù kílò méjì lé ọmọ òun lórí. Obìnrin kan tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé bóyá ọmọ náà ló jẹun yó. Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà kankan nínú ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n etí Kílò gbóná bí irin tí wọ́n ń lọ̀.

Bàbá wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í bí oníṣẹ́ ṣe ń bi oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Kílò, àádọ́ta ṣì ni, àbí?"

Kílò mọ ìdáhùn. Òṣùwọ̀n ilé ti sọ ọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sọ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Ó wo àwọn obìnrin náà. Ó wo bàbá rẹ̀, tó ń wò ó bí ẹni ń wo ìwé ẹ̀rí tó fi gíláàsì bò mọ́ ògiri.

"Àádọ́ta ni, Bàbá."

Bàbá mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó yí síkúrù kan díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi padà sórí àádọ́ta. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ parí.

Kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n tíì fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ilé ìlera yẹn. Gbogbo ẹni tó gùn ún ló fọn. Ìwà rẹ̀ tún dára débi pé bí ènìyàn bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kẹ́ ẹ tó. Ó gba kílò méjì lọ́wọ́ ẹni tó mọ níwọ̀n, ó gba mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó kún dáadáa. Nọ́ọ̀sì Àgbà gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún kó lè dá a lójú, ó sì sọ fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ pé àtúnṣe tòótọ́ ni àtúnṣe tí bàbá Kílò ń ṣe. Àwọn obìnrin tí kò lóyún, tí ara wọn sì le koko, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ pé orí ń fọ́ àwọn, kí wọ́n lè rí ààyè gun òṣùwọ̀n. Ẹni tí o bá fún ní nǹkan tó ń fẹ́, kì í bi ọ́ léèrè ibi tí o ti rí i.

Ní ti Kílò, nǹkan oṣù rẹ̀ dé, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àlejò náà kó ẹrù rẹ̀ lọ. Síkẹ́ẹ̀tì pàdé níbàdí, bàtà gba ẹsẹ̀, òṣùwọ̀n ilé ní àádọ́ta. Ó gbà pé ọgbọ́n Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́, ó sì ra bisikíìtì fún un. Kò tún ronú kan ilé ìlera mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un rántí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ń wa ọkọ̀ ọlọ́nà jínjìn, torí náà òun ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ láti wá bí ọmọ àkọ́kọ́. Ó ń jẹun bí ẹni tó wà nínú ìdíje, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gba ipò kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ tó lọ fún àyẹ̀wò, kò rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé. Nọ́ọ̀sì Àgbà ti gbọ́ ọkàn ọmọ náà tó ń lù, ó ní ó ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n ara ìyá tó yẹ kó máa wúwo sí i ti fi kílò kan dín sí ti ìgbà tó kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ má máa dàgbà bó ṣe yẹ. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kó sì palẹ̀ aṣọ mọ́, torí wọ́n lè dá a dúró síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ń gbé oúnjẹ lé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ ẹ́, omijé ń kán sínú àwo.

"Kílò, mo ń jẹun o," ló sọ. "Ìwọ náà ń rí mi. Àbí ọmọ yìí ò fẹ́ dúró tì mí ni?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Kílò. Ó rí abẹ́rẹ́ ọjọ́sí lójú inú rẹ̀, bó ṣe ń padà sẹ́yìn lórí síkúrù bàbá rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni, kí bàbá tó yí síkúrù yẹn sì ni wọ́n ti wọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó kọjá.

Ó tún sáré lọ bá Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́ ọ dópin, ó sì ní kò sí wàhálà nínú rẹ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan, gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀.

"Òtítọ́ á jáde fúnra rẹ̀," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Ta ló ní kí ìwọ lọ ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Kílò gbé e délé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lò. Àfi bó ṣe wọlé tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń di báàgì. Ó ti kó aṣọ tirẹ̀ sí i. Àwọn aṣọ kéékèèké tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, ló wá ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní kò yẹ kí èèyàn máa gbé aṣọ ẹni tí kò dá a lójú kiri. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa agbòjò.

Kílò kò lè dúró wò ó. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń súfèé, ó ń da epo sára òṣùwọ̀n alápatà kan.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín."

Bàbá ń súfèé lọ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kílò sọ gbogbo rẹ̀: ti òṣùwọ̀n ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti kílò méjì, ti ìdáhùn tó fún un níwájú àwọn obìnrin. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn síkúrù orí tábìlì, kò lè wojú bàbá.

"O mọ̀?" ni bàbá bi í. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n yí i?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé n kì í lé."

Bàbá kò pariwo. Ó jókòó lórí àpótí tó sún mọ́ ọn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún epo. Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe èyí tí Kílò ń retí.

"Èmi ni mo gbé e lé ọ lórí," ló wí. "Kò sí bàbá tó yẹ kó fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yangàn."

Ó dìde, ó tẹ̀ ba, ó fa àpótí irin jáde pẹ̀lú ìkérora, ó pe ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n Kílò. Lójú ọ̀nà ilé ìlera, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ní gbangba. Kílò kò bèèrè. Ó kàn lọ di etí kejì àpótí náà mú, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e lọ.

Ní gbọ̀ngàn ilé ìlera, bàbá to irin sórí òṣùwọ̀n níṣojú gbogbo bẹ́ǹṣì. Abẹ́rẹ́ kò dé ibi tó yẹ kó dé. Bàbá ní kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni, òun ni òun ṣe é. Irin ló yẹ kí òun fi dán an wò, ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí òun gbé irin. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Kílò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ bí bàbá ṣe ń ru ẹ̀bi náà nìkan, ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

"Mo purọ́ fún bàbá mi," ló sọ fáwọn obìnrin náà. "Mo ti wúwo lọ́jọ́ náà, mo ní mi ò wúwo."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá yí síkúrù padà, ó to irin, ó kó irin, ó tún tò ó, títí òṣùwọ̀n fi sọ òtítọ́. Ẹ̀gbọ́n Kílò wá gùn ún, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì Àgbà tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́, ó ní kó má mira, ó tún tẹjú mọ́ ọn.

"O ò dín," ló wí. "O ti fi kílò kan àti ààbọ̀ lé. Ọmọ rẹ ń dàgbà."

Ẹ̀gbọ́n Kílò bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ parí. Ìyá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló wo ọkọ rẹ̀ lọ́nà kan tí kò nílò ọ̀rọ̀. Òótọ́ pọ̀ lórí òṣùwọ̀n náà báyìí, ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ ti tán. Ẹni tórí ń fọ́ ní ó ti ń rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì Àgbà fi ara rẹ̀ dán an wò, ó ní òun ti wọn ara òun láìpẹ́ yìí, ó tó.

Bàbá ló kù tí nǹkan kan ń jẹ lọ́kàn. Ó ní kó yé òun o: kílò méjì wá, kílò méjì lọ, ibo ló gbà wọlé, ibo ló gbà jáde? Nọ́ọ̀sì Àgbà wo Kílò, ó bi í bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń bọ̀ nígbà yẹn. Kílò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lára ògiri, ó ń kà á bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò lórí rẹ̀.

"Kí nǹkan oṣù tó dé, ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń tọ́jú omi pamọ́," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣàlàyé. "Ọmú á wú, inú á kún, bàtà á fúnni. Bó bá ti dé, omi náà á bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe àìsàn, ènìyàn kò sì jẹ̀bi rẹ̀."

Ó ní kò rí bákan náà lára gbogbo obìnrin; ti ẹlòmíràn kò tó nǹkan, ti ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Iyọ̀ àjẹjù máa ń fi kún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, tàbí tó wú tí kò fọn mọ́, kó wá rí dókítà. Nígbà tó gbọ́ pé Kílò kò mu omi, tí kò sì jẹun, ó bi í lọ́wọ́ ta ló ti kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá fi omi du ara, ńṣe ni ara á di ìwọ̀nba tó ní mú gírígírí bí ahun, orífífọ́ àti òòyì ló sì máa fi san ẹ̀san. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ní oògùn méjì: kó jẹun, kó mu omi, kó sì ní sùúrù fún ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ẹ̀gbọ́n Kílò ń rìn níwájú, kò bá a sọ̀rọ̀. Kílò kò dá a lẹ́bi. Ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń wo bó ṣe ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ẹ̀gbọ́n tó dúró lójijì lẹ́bàá ògiri kan, tó sì na ọwọ́ sẹ́yìn láìwojú rẹ̀.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Kílò mú un wá. Ẹ̀gbọ́n gbé e lé ikùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ta lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Kílò, ó le, ó yá, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ dúró pẹ́.

"O mọ̀ ọ́n lára?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìwọ ló ń tàpá sí. Ó ní òun ń bọ̀ wá bá ọ ṣẹjọ́."

"Kó máa bọ̀," ni Kílò dáhùn. "Mo jẹ̀bi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ara ènìyàn ń wú, ó sì ń fọn, bí odò ṣe ń kún tó sì ń fà, kò sì sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Irọ́ tí a bá pa láti fi bo ohun tí kò yẹ kó tini lójú, kì í wúwo lọ́wọ́ ẹni tó pa á. Orí ẹlòmíràn ni ẹrù náà máa ń já lé, ẹni tí a kì bá fẹ́ kí nǹkan kan ṣe láyé yìí.